Ẹjọ́ Aláàrùn Ọpọlọ Kì í Ṣe Ẹjọ́ Àgbétì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti jókòó sí wa lọ́kàn ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ọmọdé ń sọ, tí àgbà ń mi orí sí, tí ẹni tí ó kàwé dé góńgó pàápàá kì í bá wọn jiyàn lé lórí, pé bí wèrè bá dáràn, tí ọlọ́pàá mú un, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀ràn ti tán nìyẹn: ìlú ti sinmi, ẹbí rẹ̀ ti sinmi, òun náà sì wà ní ibi tí ó tọ́ sí i, bí ó ṣe ọdún kan níbẹ̀, bí ó ṣe mẹ́wàá, kò sí ẹni tí ó pa lára. Bí ẹnìkan bá wá dìde nínú ìpàdé tàbí lẹ́yìn ìsìn, tí ó béèrè pé ta ni ó ń tọ́jú ẹni náà níbẹ̀, àti pé ìgbà wo ni dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹjọ́ rẹ̀ lè máa lọ, kíá ni wọn yóò bi í pé ṣé apànìyàn ni ó fẹ́ gbèjà. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́. Èmi kò gbà pé ọ̀ràn náà tán. Èrò mi ni pé ọjọ́ tí a bá dá ìtọ́jú olùjẹ́jọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú dúró, ọjọ́ náà gan-an ni a dá ìdájọ́ dúró. Kì í sì í ṣe ìdájọ́ tirẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ti ẹni tí a ṣẹ̀ pẹ̀lú, ti ọmọ òkú, ti opó òkú, àti ti gbogbo ìlú tí ó rò pé òun ti sinmi.

N kò ní bú àwọn tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo mọ ibi tí ó ti wá. Ojú wa ti rí màbo. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn dá Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lọ́nà nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ka, tí wọ́n sì mú ọba aládé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, wọ àjà láìtọ́jọ́. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn òǹrorò wọ ṣọ́ọ̀ṣì Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n fi ìbọn àti àdó olóró pa bíi 40 ènìyàn tí wọ́n wá sin Ọlọ́run wọn. Láti ìgbà náà, àlejò tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá títì, tí irun rẹ̀ ta kókó, tí àpò rẹ̀ wú, a kì í rò ó mọ́ pé aláìsàn ni. Amí àwọn ajínigbé ni a ń pè é, a sì ń sọ fún ara wa pé fóònù àti owó wà lábẹ́ àkísà rẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fi táyà sí lọ́rùn, tí wọ́n dáná sun, kí ọlọ́pàá tó dé. Ọkàn tí ìbẹ̀rù ti wọ̀ báyìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kì í ṣe ohun tí a fi ń dá ẹjọ́, àgàgà ẹjọ́ ẹni tí kò lè rò ó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ẹjọ́ náà ti ń rìn. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní oko kan lẹ́yìn Ìdóàní, tí kò fojú kan oorun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n òun ni ó di òun ní èdì, yọ àdá sí ẹ̀gbọ́n náà lójijì, tí ìyẹn sì kú. Àwọn ọlọ́pàá yóò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ Májísíréètì, bẹ́ẹ̀ ni Májísíréètì kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Nítorí náà yóò ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Àkúrẹ́ fún ìmọ̀ràn. Láti ibẹ̀ lọ ni ọ̀nà ti ń gùn. Fáìlì kò tètè dé, nígbà tí ó dé, kò pé, nígbà tí ó pé, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tí ó wádìí ọ̀ràn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, nígbà tí ẹjọ́ wá dé Ilé Ẹjọ́ Gíga, agbẹjọ́rò wo ojú ẹni tí òun ń gbèjà, ó rí i pé kò mọ ibi tí òun wà, ó sì bẹ adájọ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, adájọ́ pàṣẹ, àṣẹ di ìwé, ìwé ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ ń dúró de epo, epo ń dúró de owó, wọ́dà tí yóò sì tẹ̀ lé e ń dúró de ìwé mìíràn. Láti Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà, kò ju bíi kìlómítà 50 lọ. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò láàárọ̀ yóò débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ní Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, tí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ṣe lórí àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ burúkú ọdún 2022. Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ni ó ń fa ìdádúró. Ohun tí ó ń fà á ni pé nínú gbogbo àwọn tí ẹjọ́ náà ń gba ọwọ́ wọn kọjá, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí yóò jíhìn bí oṣù bá ń yí lu oṣù.

Mo fẹ́ kí ẹni tí kò wọ kóòtù rí mọ bí ó ti ń rí. Akọ̀wé yóò pe nọ́ńbà ẹjọ́, wọ́dà yóò mú ọkùnrin kan wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó débi pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ó kù lára rẹ̀, ihò tí kì í ṣe ti bọ́tìnì náà ni ó sì dè é mọ́. Akọ̀wé yóò ka ẹ̀sùn sí i létí ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò tú u sí Yorùbá, yóò bi í bóyá ó yé e. Ọkùnrin náà kò wo akọ̀wé, kò wo adájọ́. Fáànù tí ó wà lókè àjà ni ó tẹjú mọ́, ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń fèsì fún ẹni tí a kò rí. Wọ́n tún un bi, ó rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní ìmọ̀ràn kò tíì ti Àkúrẹ́ dé. Agbẹjọ́rò tirẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ní, kò wá. Adájọ́ wo kàlẹ́ńdà, ó mú ọjọ́ mìíràn tí ó jìnnà tó oṣù méjì, ó sì ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tí ó kàn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ìyá àgbà kan dìde, ìyá rẹ̀ ni, tí ó ti fi ìdájí wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà Òkèlùsè, ó di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú ọ̀rá, ó ń tọ wọ́dà lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀?" Wọ́dà náà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ tí ìyá náà bí kẹ́yìn lọ, rọra dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Dókítà kò tíì wá." Àwọn baba wa ti mọ èyí nígbà tí wọ́n wí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.

Abẹ́rẹ́ tí ìyá yẹn ń béèrè kì í ṣe ohun àrà. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gún un, kì í sì í ṣe oògùn tuntun. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń gún un fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ yìí. Oorun ni ó máa ń kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni ẹni náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tí ohùn tí ó ń gbọ́ yóò máa jìnnà, títí tí yóò fi dọ́jọ́ kan tí yóò bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, kí ni mo wá ṣe níbí. Ọjọ́ ìbéèrè yẹn ni ẹjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí àìsàn náà bá ti pẹ́ tó lára kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti ṣòro tó láti wò, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí aláìsàn náà yóò pàdánù nínú làákàyè rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi ẹni ọdún 22 pamọ́ fún ọdún mẹ́ta láìfún un ní oògùn, a kò fi í pamọ́ rárá. A ń bà á jẹ́ ni, a sì ń fi owó ìlú bà á jẹ́.

Èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fún mi ni pé ó ń díbọ́n ni. Wọ́n ní gbogbo ọ̀daràn ni ó mọ̀ nísinsìnyí pé bí òun bá ti bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ níwájú ọlọ́pàá, tí òun sọ̀rọ̀ wótòwótò, òun ti bọ́. Ó ṣeé ṣe kí irú wọn wà, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: èwo ni yóò tú àṣírí aládìíbọ́n, ṣé dókítà tí ó rí i ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n mú un, tí ó rí bí ó ti ń sùn àti bí ó ti ń jí, tí ó bá àwọn ará ilé àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣì tutù lójú wọn, ni tàbí dókítà tí wọ́n pè ní ọdún kẹrin? Ohun tí abala 28 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa ń béèrè ni bí ọpọlọ ẹni náà ti rí ní àkókò tí ó ṣe ohun tí ó ṣe: bóyá àìsàn ọpọlọ ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ń ṣe, tàbí láti mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é, tàbí láti kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Kò sí bí a ti ṣe lè mọ èyí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nígbà tí ẹlẹ́rìí kan ti kú, tí èkejì ti lọ sí Èkó, tí ẹ̀kẹta ti gbàgbé. Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko. Ẹni tí ó ń díbọ́n ni ìdádúró ń gbè, aláìsàn tòótọ́ ni ó ń pa, àwọn tí wọ́n sì ń pariwo pé kí aládìíbọ́n má baà bọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pariwo pé kí dókítà tètè dé.

Èsì kejì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí ó ti wà ṣáájú kí a tó ní kóòtù: wọ́n ní wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, kò gbọ́ oògùn mọ́. Mo kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni, kí ni àwọn baba wa ń fi ewé àti egbò asofẹ́yẹjẹ ṣe? Igi yẹn, tí ó wà káàkiri igbó wa, ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò fún wèrè kí òyìnbó kankan tó mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń pẹ̀tù sí ọpọlọ. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni, kí ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, wá fi hàn gbogbo ayé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò láti ọdún 1954? Ó kó àwọn aláìsàn sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó ní kí ìbátan kọ̀ọ̀kan bá ẹni rẹ̀ wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un lọ gba oògùn lọ́sàn-án, kí ó máa mú un padà wálé. Àwọn tí ìlú ti kọ̀ sílẹ̀ sì ń ro oko, wọ́n ń padà sílé wọn. Ohun tí Lambo ṣe di àwòṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó wá burú pé àwa tí a ni Àrò ni a ń fi orúkọ Àrò bú ènìyàn.

Ìtàn kan sì tún wà nínú ti Abẹ́òkúta tí n kò lè fò kọjá. Lántòrò, tí ó jẹ́ apá kan ilé ìwòsàn Àrò, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn sójà wa ń ti ojú ogun Hitler bọ̀, tí orí àwọn kan nínú wọn dàrú, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà di ibi ìtọ́jú wọn. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, ní 1936, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rán Dókítà Robert Cunyngham Brown wá wo bí a ti ń tọ́jú àwọn wèrè ní Nàìjíríà, tí ó sì rí i pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi ṣe ilé wèrè ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí àyè kò tó ní ilé wèrè Yábàá tí wọ́n ṣí ní 1907 àti èyí tí wọ́n ṣí ní Kàlàbá ní 1904. Àwọn òyìnbó amúnisìn tí a ń bú, tí wọ́n sì yẹ ní bíbú fún ohun púpọ̀, mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ó yẹ ni kí a sọ ẹ̀wọ̀n di ilé ìwòsàn. Àwa tí a gba òmìnira ní 1960 ni a tún padà ń sọ ẹ̀wọ̀n di ilé wèrè tí kò ní dókítà. Kódà ó pẹ́ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wa fi ń gba àwọn tí wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni rárá, tí àwọn ẹbí wọn mú wá nítorí agara dá wọn, tí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé, tí ìlẹ̀kùn sì tì.

Òfin kò sí lẹ́yìn ìwà yìí. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀rí mú un, pé ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wáyé láàárín àkókò tí ó bójú mu, àti pé ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ yé e. Abala 35 gbà pé a lè dá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé dúró, ṣùgbọ́n ó sọ ìdí rẹ̀: fún ìtọ́jú rẹ̀ tàbí fún ààbò àwọn ará ìlú. Abala kan náà ló tún sọ pé ẹni tí ń retí ìdájọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ní àtìmọ́lé ju iye ọdún tí ó pọ̀ jù tí òfin là sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èyí túmọ̀ sí pé ọkùnrin tí ó fọ́ gíláàsì mọ́tò ẹlòmíràn nígbà tí orí rẹ̀ gbóná kò gbọdọ̀ fi ìgbésí ayé rẹ̀ san gíláàsì náà. Ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí ìlànà ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀. Ní 2019, wọ́n yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti ilé àtúnṣe. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tí ó rọ́pò èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1916. Òfin kò wọ́n wa. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lónìí, bíi méje ni wọn kò tíì dá lẹ́bi. Àwọn tí ara wọn le nínú àwọn méje náà ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń pe agbẹjọ́rò, wọ́n ń rán ìyàwó níṣẹ́. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti lọ kò mọ ẹni tí ó lè rán.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni. Obìnrin tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí ó mu oògùn ẹ̀fọn, tí Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí ó kú, òfin lè mú un kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ sí àtìmọ́lé, kí wọ́n ka àìsàn rẹ̀ sí i lọ́rùn bí ẹ̀sùn. Ẹni tí ó bá lè gbọ́ èyí kí ó sì wí pé kò burú, mo fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù lójú mi, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wọn ta sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tí ó pa á, ti ẹni tí ó kú ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé kò sí ẹni tí ìdádúró yìí jà lólè ju ìwọ lọ. Ìwọ ni o ń wọ ọkọ̀ láti Ùtẹ̀ tàbí láti Ìpele wá sí kóòtù, tí wọ́n ń sọ fún ọ pé ẹjọ́ kò lè lọ nítorí olùjẹ́jọ́ kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òsì. Ìwọ ni kò tíì gbọ́ láti ẹnu adájọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ, bóyá àìsàn ni ó pa á tàbí ìkà. Òfin kò gbà kí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò sì gbà kí wọ́n kàn tú u sílẹ̀. Ìtọ́jú nìkan ni ọ̀nà tí ó lọ sí ìdájọ́, ẹni tí ó bá sì dí ọ̀nà náà, ìwọ ni ó dí i mọ́. Bí ó bá sàn, tí wọ́n rí i pé ó mọ ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà, yóò jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rí i pé kò mọ̀ ọ́n, kò ní padà sí ìgboro lọ́jọ́ kejì bí àwọn kan ti rò. Òfin ní kí a fi í sí ibi ìtọ́jú títí aláṣẹ yóò fi rí i pé kò léwu mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí a fi ní láti wo ẹni náà sàn kí a lè gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí, àti pé àwọn ọmọlúàbí tí wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni pàápàá ń jẹ àìsàn ọpọlọ mọ́ra ní ilé wọn ní Ùsò àti ní Iyere láìrí dókítà. Kí ni a ó fi ṣe ti ọ̀daràn ṣáájú? Nínú gbogbo iyàn, èyí nìkan ni ó dá mi dúró díẹ̀, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀: àwọn dókítà ọpọlọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ láàárín ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 200, òkèèrè sì ń kó wọn lọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nílé ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi rìn, ó ní ìyá tí ó lè mú un lọ sí Àkúrẹ́ tàbí sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí sí orí òkè àdúrà. Ẹni tí ìjọba tì mọ́lé, ìjọba nìkan ni ó kù fún un. Ìjọba tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ti gba ìtọ́jú mọ́ ọn. Ohun tí mo ń béèrè kò sì pọ̀: kí nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ kan máa yọjú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ọ̀wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí dókítà kan máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí oògùn má tán.

Ní ìpínlẹ̀ Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí owó kò wọ́n wọn bí ó ti wọ́n wa, irú ìdádúró yìí náà ṣẹlẹ̀. Àwọn olùjẹ́jọ́ tí ọpọlọ wọn dàrú ń pẹ́ ní àtìmọ́lé, wọ́n ń retí àyẹ̀wò, wọ́n ń retí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹrin 2015, Adájọ́ Marsha Pechman dá a pé ọjọ́ 7 ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mú kí wọ́n fi díẹ̀ kún ọjọ́ àyẹ̀wò, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò sì tún lè pa àṣẹ náà mọ́, títí tí ìtanràn tí wọ́n bù lé e ní 2023 fi lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. N kò mú èyí wá láti fi wá wé wọn. Mo mú un wá nítorí pé níbẹ̀, ẹnìkan ka ọjọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 14 ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tí ó ń kà á, ìdí sì nìyẹn tí ọdún fi ń gorí ọdún tí kò sí ẹni tí ojú ń tì.

Kí àwa ẹbí má sì rò pé ìjọba nìkan ni mo ń bá wí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n lónìí, a rí àìsàn náà lára wọn fún oṣù púpọ̀ kí àdá tó jáde. A ní ayé ni ó ń ṣe é, a ní igbó ni ó mu, a fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ igi. Lọ́jọ́ tí ó sì wá ṣẹlẹ̀, a pa fóònù, a kò yọjú sí kóòtù, a kò sọ fún agbẹjọ́rò pé ó ti gba ìtọ́jú rí ní ibi báyìí ní ọdún báyìí. Ìwé kékeré tí ilé ìwòsàn fún wa, tí a jù sí abẹ́ ibùsùn, ni ẹ̀rí tí ó lè là á.

Mo bẹ Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ó sì tú àwọn tí ó tọ́ sílẹ̀, pé nígbà tí ó bá tún dé Ọ̀wọ̀, kí ó má ṣe béèrè fáìlì àwọn tí ó lè sọ̀rọ̀ nìkan. Kí ó béèrè orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ń sọ pé orí wọn kò pé, ọjọ́ tí olúkúlùkù wọlé, àti ọjọ́ tí dókítà rí i kẹ́yìn, kí ó sì dá ọjọ́ fún ìtọ́jú wọn bí a ti ń dá ọjọ́ fún ẹjọ́. Mo bẹ Kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ kí fáìlì irú wọn má ṣe sùn sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo bẹ àwọn agbẹjọ́rò ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìfọ́n, ọmọ Ìdóàní, kí olúkúlùkù gba ẹyọ ẹjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ tí o sì ń ka ìwé yìí, bí o bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó wà ní àtìmọ́lé pẹ̀lú àìsàn yìí, wá ìwé ìwòsàn rẹ̀ jáde lónìí, mú un tọ agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọ, láìbínú, ní gbogbo ìgbà tí o bá débẹ̀: ìgbà wo ni dókítà ń bọ̀?